Ọrùn Ọwọ́

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ṣí ìwé.
Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ sórí Sheffield,
ìlú tó yọ òkè bí ẹni yọ gẹ̀gẹ̀.
Ó kó wa jáde, àwa mọ́kàndínlógún,
ó ní ká gun òpópónà kan tó nà ró bí àkàbà
láìsinmi, títí dé ẹnu ilé ìkàwé òkè.
Nígbà tá a débẹ̀, tí àyà ń lù kìkì,
ó ní, "Ẹ di ọrùn ọwọ́ ẹnìkejì yín mú. Ẹ máa kà."
Ọwọ́ ọmọ Barnsley kan ni mo dì mú.
Kí n tó mọ̀ pé Kieran ló ń jẹ́
mo ti mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ń sáré ju tèmi lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ollerenshaw. Obìnrin kúkúrú,
bàtà ìsáré lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì gígùn.
Iléeṣẹ́ yọ́ irin, ó sì yọ́ bàbá rẹ̀ mọ́ irin.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó ń jókòó ti àga ẹ̀bá fèrèsé,
ó ń ka èémí bàbá náà kí omi tíì tó hó.
Ó ní ibẹ̀ ni yunifásítì òun ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n sọ fún un pé obìnrin kì í sáré ọ̀nà jíjìn,
pé ilé ọmọ á já bọ́.
Ó sáré. Kò já. Ó bí mẹ́ta.
Ó gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan
nínú ìwádìí àwọn ọkùnrin tí kò dárúkọ rẹ̀,
okùn rọ́bà lẹ́nu, okun ń tán lára,
òógùn ń ya bí òkun lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta
kí wọ́n tó pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n.
"Ara mi ló kọ́kọ́ gboyè," ó wí, "orí wá tẹ̀ lé e."

Òfin kan ló ní:
ohun tí o kò bá fi ara rẹ dán wò,
má fi ara ọmọ ẹlòmíì dán an wò.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Walkley,
àwọn arúgbó tí ọkàn wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ rí ń dúró dè wá.
Dìde lórí àga. Jókòó. Dìde.
Ẹ wo ojú wọn ná, kẹ́ ẹ tó wo aago.
Bàbá Dransfield, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́, á máa bú wa,
àwa náà á kọ èébú náà sílẹ̀:
ẹni tó lè búni délẹ̀ láìmí gúlegúle,
ara rẹ̀ ti ń yá.

Lọ́dún kejì, iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó gba oorun lójú mi.
Mo jókòó ti tábìlì,
mo hùmọ̀ ìlù ọkàn ẹni méjìlá.
Wọ́n gún régé. Wọ́n dùn ún wò.
Kò bínú. Ó na ọrùn ọwọ́ tirẹ̀ sí mi.
"Gbọ́ ọ. Tí mo bá mí sínú, á yára;
tí mo bá mí síta, á fà sẹ́yìn díẹ̀.
Ọkàn tó bá ń lù bíi ti aago,
ọkàn tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni.
Irọ́ nìkan ló ń gún báyìí, Ládiípọ̀."
Ó pe orúkọ mi ní àpèṣì, bó ti máa ń ṣe,
ó sì ju kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí sí mi.
"Pe àwọn méjìlá náà. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́."

Rotherham ni mo wà báyìí, nílé ìwòsàn,
níbi tí àwọn èèyàn ti ń tún ìrìn kọ́.
Lóṣù tó kọjá, wọ́n tì í wọlé, ìgbáròkó tuntun lára rẹ̀.
A gun àtẹ̀gùn méje. Kò jẹ́ kí n di òun mú.
Lókè, mo wá ọrùn ọwọ́ rẹ̀.
Awọ ti fẹ́lẹ́ bíi bébà.
"Mélòó?"
"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún."
Ó dijú, ó fetí sí inú ara rẹ̀.
"Tún un kà," ó ní. "O ti yára jù."